Orí Téèpù

Èmi ni mo máa ń di orí téèpù mú.
Iṣẹ́ tí mo fi wọ ìjọba nìyẹn:
kí n dúró síbi òpó kìíní, kí n má mira,
kí ọkùnrin Sílóònù máa fà á lọ
títí yóò fi le bí okùn ọrùn ewúrẹ́ tó fẹ́ sá.

Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ó rọ̀ bí àtàrí ọmọ tuntun.
Kò ní tábìlì. Fáìlì rẹ̀ ń sùn nínú kíláàsì,
akọ̀wé àgbà ń buwọ́ lùwé lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé,
orúnkún rẹ̀ ń kan àgbọ̀n rẹ̀.
Wọ́n ní ayàwòrán-ilé kan ń bọ̀ láti òkè òkun.
À ń retí òyìnbó funfun;
ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní téṣàn réluwéè dúdú jù mí lọ,
agboòrùn kan, agolo tíì kan, ẹ̀wù tó hunjọ.

Wijẹrátìnẹ̀ ló wà nínú ìwé owó-oṣù.
Àwọn lébìrà gé e kúrú: Wíjí,
bí ẹni ń wí fún aládùúgbò pé kó jí.
Ó sì ń jí. Kí wọ́n tó kírun àsùbá tán ní Pàkátà
ó ti wà lórí ilẹ̀ pupa, ó ń ju eruku sókè
láti wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ.
Ní ìlú tí wọ́n ti ń lọ irin, ó ń lọ pẹ́ńsùlù.

Oṣù méjì gbáko, kò ya nǹkan kan.
Ó ń wọ agboolé Òkè Màlé, èmi ni ògbufọ̀:
“Níbo lẹ ń tẹ́ ẹní sí lọ́sàn-án?
Apá ibo lòjò ti ń bà yín?”
Ìyá Asímáwù wò ó títí, ó ní,
“Bá mi bi í, ṣé kò ní ìyá nílùú tiẹ̀ ni?”
Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́.
Ó ní òun ní. Ó ní ìyá òun náà a máa fa ẹní kiri tẹ̀lé òjìji.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìjọba ṣe ní àgbàlá láàrin,
tí òrùlé rẹ̀ yọ etí bí fìlà abetí-ajá,
tí ògiri rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò.
Yákúbù Bíríkìlà rẹ́rìn-ín: “Ó ti sọ asẹ́ di ògiri.”
Ẹ̀ẹ̀rùn dé, asẹ́ náà sẹ́ ooru.

N kò ní parọ́ fún yín, kò mọ gbogbo rẹ̀.
Ilé-ẹjọ́ tó yà fún wọn ní Òmù-Àrán jò.
Òjò àrọ̀kúrò balẹ̀ sórí ìwé adájọ́,
ẹjọ́ ilẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án di omi aró,
olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ jọ ń gbọ́n omi síta.
Ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí páànù ọ̀sán,
ó ń wá ihò kan.
Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, awọ àyà rẹ̀ ti bó.
“Àṣìṣe mi ni,” ó ní, ní Yorùbá.
N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba rí. N kò sì gbọ́ ọ mọ́.

Ọjọ́ ìṣílé, wọ́n gbẹ́ orúkọ sára òkúta:
ẹni tó gé rìbọ́ọ̀nù, ẹni tó gbàdúrà, ẹni tó gba kọngílá.
Yákúbù bi í bóyá ó dùn ún.
Ó ní kí n bu ṣúgà díẹ̀ kún tíì òun.

Nígbà tí owó-oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, ó lọ.
Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ. Ìkẹta, ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́.

Lánàá mo lọ tò fún àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì.
Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí àwọn ihò, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù,
iná kò sì sí.
Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló kù tí wọ́n gbàgbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀.
Ibẹ̀ ni gbogbo àwa arúgbó kó ara wa sí,
láìsí ẹni tó sọ fún wa,
a ń fa àga tẹ̀lé òjìji.
Mo fara ti òpó kìíní.
Ọmọbìnrin tó ń pe orúkọ ní, “Bàbá, ẹ sún síwájú.”
Mo ní kó ṣe sùúrù,
mo ń di nǹkan mú.